Ẹni Tó Wọ Bàtà

Ọmọ kan ló sáré bá mi ní Bẹẹrẹ:
"Bàbá, bàtà yín rèé."
Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú sálúbàtà,
òsì ń tẹ eruku lásán,
kò sì sọ fún mi.
Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Èmi wọ bàtà, bàtà bọ́, èmi kò mọ̀.

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pín lẹ́tà
láti Dùgbẹ̀ dé Òkè-Ààrẹ̀, láti Fókò dé Ọjẹ́,
tí mo mọ ilé tó ní ajá, ilé tó ní gbèsè,
tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ka ọ̀nà
bí afọ́jú ti ń fọwọ́ kàwé.

Ó bẹ̀rẹ̀ bíi pajápajá, ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀,
bí ìgbà téèyàn jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.
Mo nà án, mo gbọ̀n ọ́n, kò lọ.
Ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ tí n kò rà, tí n kò sì lè bọ́.
Tó bá wá di òru, iná.
Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ń jó."
Àtọ́kẹ́, ọmọ-ọmọ mi, rẹ́rìn-ín: "Ijó wo, Bàbá àgbà?"
Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sùn
mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé sìmẹ́ǹtì tútù
títí ládàánì fi pe ìrun àsùbáà.

Bàbá Mùfútáù ní mo ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta.
Oríta wo? Iṣẹ́ mi ni oríta.
Wọ́n ní òtútù ni; mo fi àdí ra á.
Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ní Adéọ̀yọ́
wọ́n gún mi níka, wọ́n ní ṣúgà mi dára.
Mo bínú sí ṣúgà tó dára:
àìsàn tó lórúkọ ṣeé pè lẹ́jọ́.

Wọ́n wá kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Orítamẹ́fà.
Lẹ́tà tí mo ti gbé láyé mi kò lóǹkà,
èyí nìkan ni n kò ki bọ àpò.
Mo dì í mú, nítorí ọwọ́ ṣì ń gbọ́.

Dókítà obìnrin kan lu irin ẹlẹ́nu méjì,
ó ń kùn bí oyin,
ó gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi.
"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" "Mo fi etí gbọ́ ọ."
"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"
Mo dákẹ́.
Ó ní iṣan tó ń jíṣẹ́ ẹsẹ̀ fún orí ló ń kú díẹ̀díẹ̀.
Mo ní ìyẹn yé mi ju bó ṣe rò lọ.
Ọtí? Rárá. Gààrí? Ta ni kì í mu gààrí?
Oògùn wo lẹ ti lò rí?

Mo tú àpò ọ̀rá sórí tábìlì.
Káàdì Jẹ́ríkò bọ́ síta, ti ìgbà tí mo ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀,
oṣù mẹ́fà tí mo gbé hóró mì láìpa ọjọ́ kan jẹ.
Ó fi bírò tọ́ka síbi tí kò sí nǹkan kan:
"Fítámì kékeré kan yẹ kó tẹ̀lé e. Ṣé wọ́n fún yín?"
N kò rántí. Bóyá ó tán lọ́jọ́ náà.
Bóyá wọ́n fún mi, mo pè é ní ti ọmọdé.
"Ó lè jẹ́ òun," ó ní. "Ó lè má jẹ́ òun."
Àyẹ̀wò kan ṣì kù, Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ,
owó rẹ̀ ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì.
N kò tíì ṣe é.

Hóró kan láàárọ̀, òmíràn fún iná òru.
Díẹ̀ á padà, díẹ̀ ò ní padà; iṣan kì í kánjú.
Àtọ́kẹ́ ló ń tọ́ omi àlùwàlá wò kó tó kàn mí lẹ́sẹ̀,
mo sì ń wolẹ̀ rìn, bí ẹni tó sọ owó nù.

Jímọ̀ tó kọjá, mo ń gun òkè Màpó,
nǹkan kan ta mí lábẹ́ àtàǹpàkò òsì.
Mo dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́.
Ó ta mí.
Òkúta ni, kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Obìnrin kan tó ń kọjá ní, "Bàbá, ẹ yọ ọ́ kẹ̀."
Mo ní ó ṣeun.
Mo gbé e gun òkè.